Ìlà àti Ìwọ̀: bí fàdákà ṣe ń bo idẹ, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó wà ní SS2, mú kọ́kọ́rọ́ kan wá bá mi nínú yàrá ìwé. Kọ́kọ́rọ́ irin ni, ti àpótí àtijọ́ kan tí kò sí nílé mọ́, àmọ́ ó ti pọ́n bíi bàbà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wo nǹkan tí mo ṣe." Olùkọ́ kẹ́mísírì wọn ló bu kọ́pà sọ́féètì díẹ̀ fún un, ó pò ó mọ́ omi, ó ri kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, bàbà sì bo irin. Mo yìn ín. Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi àtàǹpàkò ra á lára, ni bàbà bá ṣí mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹfun ara ògiri. Ojú ọmọ náà fà ro. Ó ní kí ló dé tí ẹ̀gbà ọrùn ìyá òun, tí gbogbo wa mọ̀ pé idẹ ni wọ́n fi góòlù bò, kì í ṣí báyìí? Ó tún ní, kí la ń pe irú iṣẹ́ yìí lédè Yorùbá?

Ìbéèrè méjì ni. Mo lè wá ìdáhùn èkíní nínú ìwé. Èkejì ni mo ti dáhùn rí, ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo sì dáhùn rẹ̀ kò dára. Nítorí èyí ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé mo wà lára àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láyé ìgbà tí iṣẹ́ èdè-ìperí gbóná. Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti fi ọ̀nà hàn wá nípa ọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀, a wá ń rò pé sáyẹ́ǹsì náà kò ní ṣòro. Nínú ìgbìmọ̀ kékeré kan báyìí, wọ́n ní kí n wá orúkọ fún àwọn ọ̀pá méjì tí a máa ń tì bọ inú omi oníyọ̀ kí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Mo mú "òpó afàmọ́ra" wá. Ó dùn létí, ó sì rọrùn: òpó kan ń fa èyí mọ́ra, òpó kejì ń fa tọ̀hún. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ń fà á?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ ka Faraday. N kò lọ kà á. Ẹni tó dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn ti di olóògbé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì tán ni mo tó ka ìwé náà, ojú sì tì mí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1800, Alessandro Volta ará Ítálì to àwo síǹkì àti fàdákà léra wọn, ó fi aṣọ tí omi iyọ̀ rin gbẹdẹkẹ sáàárín wọn, iná sì ń ṣàn láìdáwọ́dúró. Kí iná máa ṣàn bí odò, tí kì í ṣe kó tàn yẹ̀rì kó sì kú, ojú kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún kan náà, ní Woolwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Cruickshank ti wáyà irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bọ inú omi tí bàbà tàbí fàdákà yòrò sí, ó sì rí i pé mẹ́tálì náà jáde kúrò nínú omi, ó lẹ̀ mọ́ wáyà kan, wáyà kan ṣoṣo. Ní 1805, Luigi Brugnatelli, ọ̀rẹ́ Volta, fi góòlù bo mẹ́dààlì fàdákà méjì lọ́nà yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan dákẹ́ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ wọn kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi bi ara wọn ní ìbéèrè tó gún.

Níbí ni Michael Faraday ti wọlé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni (ẹ má rò pé mo fẹ́ mú Ògún wọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ó wù mí kí ẹ mọ̀), iṣẹ́ ìwé dídì ló sì kọ́ kó tó di onímọ̀. Ó wọn iye iná tó kọjá, ó wọn iye mẹ́tálì tó jáde, ó rí i pé méjèèjì ń lọ ní ìbámu: bí iná bá di ìlọ́po méjì, mẹ́tálì á di ìlọ́po méjì. Ampere kan fún wákàtí kan yóò gbé fàdákà bíi gíráàmù mẹ́rin kalẹ̀. Òfin yìí lágbára débi pé, láti ìpàdé Chicago ní 1893 títí di 1948, fàdákà ni ayé fi ń ṣàlàyé ohun tí ampere jẹ́: iná tó lè gbé gíráàmù 0.001118 fàdákà kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn iná fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta, awẹ́ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ọ̀pá ni.

Nígbà tí Faraday fẹ́ kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu. Àwọn aráyé ń pe ọ̀pá méjèèjì ní "pole", èyí tí a lè pè ní òpó, bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì. Inú Faraday kò dùn sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti purọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, nítorí pé òpó mágínẹ́ẹ̀tì ń fa nǹkan láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rí pé ọ̀pá wọ̀nyí ń fa ohunkóhun bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n: ibi tí iná gbà wọ inú omi, àti ibi tó gbà jáde. Ṣé ẹ rí i? Àṣìṣe tí ọkùnrin yìí sá fún ní 1834 ni èmi, pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé mi, fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá.

Ohun tó ṣe ni pé ó wá onímọ̀ èdè lọ. Ó kọ́kọ́ bá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, Whitlock Nicholl, sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni "electrode" ti jáde, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ *hodos*, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọ̀nà. Ọ̀nà iná, ó parí. Ó wá ku orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Faraday gbìyànjú "eisode" àti "exode", wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tiẹ̀ ronú kan "eastode" àti "westode". Ní April 1834 ó kọ lẹ́tà sí William Whewell ní Trinity College, Cambridge, ọmọ káfíńtà tó di ọ̀mọ̀ràn, ẹni kan náà tó dá ọ̀rọ̀ náà "scientist" sílẹ̀. Whewell dáhùn kíá: "anode" àti "cathode" ni kó lò. *Ana* ni òkè, *kata* ni ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà gòkè, ọ̀nà tí a gbà sọ̀kalẹ̀.

Òkè wo, ìsàlẹ̀ wo? Ti oòrùn ni. Ọgbọ́n Faraday nìyí. Ó ní ká ro ó pé iná ló ń yí ayé ká tó sọ ayé di mágínẹ́ẹ̀tì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni iná náà yóò máa ṣàn, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń rìn lójú wa. Tí a bá wá gbé ife omi wa kalẹ̀ kí iná inú rẹ̀ kọjú síbi tí ti ayé kọjú sí, ọ̀pá tí iná gbà wọlé yóò wà níbi tí oòrùn ti ń là, èyí tó gbà jáde yóò wà níbi tó ń wọ̀. Kò ní òun mọ̀ pé iná kan ń yí ayé ká lóòótọ́. Àmì tí kò ní yẹ̀ ló ń wá, kó lè jẹ́ pé bí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá rí i pé a ṣi ìrìn iná mọ̀, orúkọ yóò ṣì dúró. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí J. J. Thomson rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní 1897, tó wá yé aráyé pé nínú wáyà, òdì kejì ibi tí gbogbo wọn fojú sí ni wọ́n ń rìn, anode kò di irọ́, cathode kò di irọ́.

Whewell tún fún un ní "ion" fún ohun tó ń rìn nínú omi. Ọ̀rọ̀-ìṣe "lọ" lédè Gíríìkì ló wà nídìí rẹ̀: ohun tó ń lọ. Àwọn kan ní London fi Faraday ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tuntun wọ̀nyí. Ó kọ̀wé sí Whewell pé òun dà bíi bàbá inú ìtàn tó fẹ́ tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àmọ́ bóun ṣe dárúkọ Whewell, ohùn wọn rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ èdè rí, ó dájú pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo ka ibẹ̀ yẹn tán, mo pa ìwé dé. Ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn! Ohun tí àwọn yẹn wá lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì, ó wà lẹ́nu ìyá mi ní gbogbo àárọ̀. A lè pe anode ní *ìlà*, ká pe cathode ní *ìwọ̀*. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrú, kò sì sí èyí tó ní ohun kan ń fa ohun kan. Ẹ tún wo adùn tó wà nínú èkejì. Ìwọ̀ ni ibi tí mẹ́tálì ti ń bo mẹ́tálì. Nínú gírámà wa, ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: a ní "oòrùn wọ̀", a sì ní "ó wọ aṣọ". N kò ní ká fi agbára sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Àmọ́ etí Yorùbá ń gbọ́ ọ, kò sì ṣèèṣì gbọ́: ní ìwọ̀ ni idẹ ti ń wọ fàdákà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣẹ́ ọwọ́, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Kí iná tó dé, bí wọ́n bá fẹ́ fi góòlù bo nǹkan ní Yúróòpù, wọn á po góòlù mọ́ mẹ́kúrì títí yóò fi rọ̀ bí orí, wọn á fi pa nǹkan náà, wọn á wá yan án lórí iná kí mẹ́kúrì lè fò lọ. Ibi tó ń fò lọ ni ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́. Ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, eyín wọn á máa re, ọ̀pọ̀ kì í pẹ́ láyé. Nítorí náà, nígbà tí Moritz Jacobi kéde ní St Petersburg ní 1838 pé òun lè fi iná gbé bàbà kalẹ̀ nípọn tó láti fi ya àwòkọ nǹkan, kì í ṣe àwọn olówó nìkan ló yẹ kó yọ̀.

Àmọ́ fàdákà àti góòlù ṣì ń ṣe agídí. Bí a bá lo omi fàdákà lásán, fàdákà á hù bí abẹ́rẹ́, á yọ ẹ̀ka bí igi, á sì já bọ́. John Wright, oníṣẹ́ abẹ kan ní Birmingham, ló ká ọ̀rọ̀ yìí kò. Ó ti kà nínú ìwé Scheele pé sáyánáìdì lè yọ́ àwọn àdàpọ̀ góòlù àti fàdákà sínú omi. Ó dán an wò, fàdákà bò dan, ó sì dì mọ́ra. Àwọn Elkington ní ìlú yẹn gba ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ní 1840. Láti ìgbà náà ni ṣíbí fàdákà ti kúrò ní ti ọba nìkan. Ọ̀dọ́ sọ́jà kan ní Prussia, Werner Siemens, tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ó ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni tó ń jà ìjà àjàkú, náà ń fi góòlù bo nǹkan nínú àtìmọ́lé ní Magdeburg. Ó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1842, àbúrò rẹ̀ sì tà á fún Elkington lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Owó yìí wà lára ohun tó gbé ìdílé Siemens dìde. Pé sáyánáìdì fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé, a kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Wọ́n kúrò lórí ikú kan, wọ́n ń ṣọ́ra fún òmíràn.

Kí ló dé wàyí tí bàbà ọmọ-ọmọ mi fi ṣí? Ẹ wò ó, òun kò lo bátìrì rárá. Irin fúnra rẹ̀ ló ń yòrò sínú omi, tó ń fún áyọ́nù bàbà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, bàbà wá ń rọ́ gììrì gba ipò irin. Ilẹ̀ tí bàbà ń dúró lé ni irin ń yọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ilé wo ló máa dúró bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a bá lo iná, a lè fọwọ́ mú un kó rọra, ìrọra yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Áyọ́nù kan kì í ti inú omi fò wá bí ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé abẹ́rẹ́. Omi tó kún fún iyọ̀ kì í jẹ́ kí agbára ọ̀pá náà dé òkèèrè. Rírìn gbéregbère ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé áyọ́nù débẹ̀. Bó bá kan ojú ọ̀pá, ó gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó di átọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, ibi tó balẹ̀ sí kọ́ ló máa ń gbé. Ẹ ro ti bíríkìlà. Búlọ́ọ̀kù tí a gbé sáàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ lásán, ìsàlẹ̀ nìkan ló ní. Èyí tí a gbé ti ẹ̀gbẹ́ ọwọ̀ọ́ tí a ti tò, ó ní ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ èyí tó bọ́ sí kọ̀rọ̀, níbi tí ọwọ̀ọ́ tí kò tíì parí dé dúró, ó ní ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Átọ́ọ̀mù á máa rìn kiri lójú mẹ́tálì títí yóò fi rí irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Walther Kossel ará Jámánì ló ṣàlàyé èyí ní 1927, Iwan Stranski ará Bulgaria sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 1928, ẹnì kan kò gbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

Bí ilẹ̀ kan bá wá kún pátápátá, kọ̀rọ̀ tán. Kí ilẹ̀ tuntun tó lè bẹ̀rẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀ ní láti pàdé lójú pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì di ara wọn mú kí wọ́n tó tú ká. Ìyẹn gba kí a fi iná tì wọ́n díẹ̀ sí i. Ohun tí sáyánáìdì Wright ń ṣe nìyí láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀: ó di fàdákà mú ṣinṣin nínú omi, kó má lè bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ níbi tó bá wù ú, a sì ní láti tì í kó tó jáde. Títì yẹn ló ń mú kí ìpàdé pọ̀ káàkiri ojú idẹ, kó má jẹ́ pé abẹ́rẹ́ méjì mẹ́ta ló kó gbogbo rẹ̀ jẹ.

Ìdààmú kan wá kù. Mẹ́tálì máa ń dàgbà nígbà tí a kò tiẹ̀ tì í tó bẹ́ẹ̀. Ní 1949, Charles Frank ní Bristol rí ìdí rẹ̀: inú mẹ́tálì kì í fi bẹ́ẹ̀ gún, àléébù kan wà tó ń sọ ojú rẹ̀ di àkàbà aláyìípo, bíi ti ilé ìṣọ́. Orí àkàbà aláyìípo, kọ̀rọ̀ kì í tán láé. Ní Sofia, níbi tí Stranski ti bẹ̀rẹ̀, Evgeni Budevski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ohun tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n hu fàdákà nínú ihò gíláàsì tín-ín-rín títí wọ́n fi rí ojú kan tí kò ní àkàbà rárá. Wọ́n fi iná díẹ̀ tì í: kò sí nǹkan kan. Wọ́n tì í díẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú bíńtín: ìpàdé kan ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ kan ṣoṣo tẹ́ láti etí dé etí, iná sì dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n ka iná tó kọjá. Ó bá ìpele kan mu gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Ìpele bẹ́ẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù márùn-ún mìlímítà. Òfin ọmọ alágbẹ̀dẹ náà, tó fi gíráàmù wọ̀n, ṣì ń jẹ́ níbi tí a ti ń ka átọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ yìí kò sì tíì di ti àtijọ́. Ní 1997 ni IBM kéde pé bàbà ni àwọn yóò máa fi ṣe wáyà inú chip kọ̀ǹpútà dípò alumíníọ̀mù, iná ni wọ́n sì fi ń gbé bàbà náà kalẹ̀ sínú àwọn kòtò tí ojú kò lè rí. Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé ẹnu kòtò a máa fẹ́ dí kí ìsàlẹ̀ tó kún, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá dí ọrùn ìgò. Wọ́n ń fi èròjà mìíràn sínú omi náà kí ìsàlẹ̀ lè yára ju ẹnu lọ. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ó ṣeé ṣe kí irú bàbà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní Sátidé, èmi àti ọmọ náà tún un ṣe. Kọ́kọ́rọ́ págà onídẹ la lò lọ́tẹ̀ yìí, a sì fi wáyà bàbà so bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì méjì la kọ́kọ́ lò, ìkánjú bá wa, ohun tó bò ó dúdú bí èédú, ó sì ń já. A fi yanrìn fọ̀ ọ́, a lo bátìrì ẹyọ kan, a jìnnà wáyà sí kọ́kọ́rọ́, a lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo ra á lára, kò ṣí.

Ó fa àwòrán rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó kọ "ìlà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà, ó kọ "ìwọ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó wá bi mí pé ṣé òun lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò WAEC. Mo ní rárá o, kó kọ anode àti cathode, ẹni tó máa máàkì í kò tíì gbọ́ tiwa. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí n má kọ ọ́?" N kò rí èsì fún un. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ti Yorùbá ní kékeré, ó sì kó àwọn ife lọ fọ̀.